Okùn Tín-ín-rín Tó Yẹ Kó Gba Òkè Àjà

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Dókítà ní kí ọmọ mi dùbúlẹ̀. Oyún oṣù méje, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí. Kò gbọdọ̀ dìde àfi tó bá fẹ́ lọ tọ̀. Iṣẹ́ wáyà kọ̀ǹpútà ọsibítù sì rèé, iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un lórúkọ ara rẹ̀, kì í ṣe lábẹ́ ọ̀gá kankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n dá fún un. Bí kò bá parí ẹ̀, ẹlòmíràn ti wà lẹ́nu ọ̀nà tó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹyẹ.

Ó ń sunkún. Mo ní, "Kí lo ń sunkún sí? Ṣé mo ti kú ni?"

Ó ní, "Màmá, ẹ ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin."

Mo ní wáyà kì í béèrè ọjọ́ orí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni èmi àti bàbá rẹ̀ fi fa wáyà tẹlifóònù kí ọlọ́jọ́ tó dé bá a. Èmi ni mò ń gun òpó. Òun ló ń di ìsàlẹ̀ mú, nítorí òòyì máa ń kọ́ ọ. Oyún ọmọ yìí gan-an, orí òpó ló ti kọ́kọ́ ta mí nípàá.

A ti ṣàdéhùn. Òun á wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, á máa kọ́ ẹ̀rọ lọ́rọ̀. Èmi ni ọwọ́, èmi ni ẹsẹ̀. Ó fún mi ní ìwé yìí kí n máa kọ ohun tí mo bá ṣe sí i lójoojúmọ́. Mò ń kọ ti iṣẹ́ sí iwájú, ìyẹn ni màá máa kà fún un. Ẹ̀yìn ìwé ni mo ń kọ èyí sí. Tèmi nìyí. Ìwé mẹ́ta ni mo kà kí wọ́n tó yọ mí nílé ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní mi ò mọ̀wé, kó wá jókòó síbí kó kọ tirẹ̀.

Túsìdeè, ọjọ́ kẹrin

Ẹnjiníà ọsibítù. Gíláàsì kan lójú, òmíràn lórí. Bó ṣe rí mi ló na ọwọ́: "Màmá, wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ń bẹ lápá òsì. Ta lẹ wá kí?"

Mo ní, "Iṣẹ́ rẹ ni mo wá kí. Mo gbọ́ pé ara rẹ̀ ò yá."

Ó béèrè ìwé ẹ̀rí. Mo na ìka mi méjì tí wáyà ti gé lórí sí i. Ó pe ọmọ mi lórí fóònù, wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Nígbà tó parí, ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun á máa wò mí dáadáa. Mo ní kó fi gíláàsì méjèèjì wò mí.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹfà

A gbé àpótí méjì tí gbogbo wáyà ilé máa já sí kọ́ sára ògiri. Ilé náà gùn gbọọrọ, kò ní òkè kejì. Àpótí kan wà ní yàrá kékeré ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, ìkejì wà ní ìpẹ̀kun òsì. Súwíìṣì ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe irú èyí tí à ń tẹ̀ kí iná tàn; èyí ló ń pín ọ̀rọ̀ láàárín àwọn kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ọsibítù. Irin pẹlẹbẹ ni, ihò méjìdínláàádọ́ta ló wà lójú rẹ̀, bí ilé ẹyẹlé.

Ọmọ mi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí fóònù. Yàrá aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní okùn wáyà méjì, ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún, ọ̀kan lọ sápá òsì, òun á sì so méjèèjì pọ̀ kí yàrá rò pé okùn kan ṣoṣo lòun ní. Bí àpótí kan bá kú, ìkejì á máa gbé ẹrù lọ, kò sí aláìsàn tó máa mọ̀.

Mo ní ó ti yé mi. Ìyálé àti Ìyàwó. Ti ọ̀tún ni Ìyálé, ti òsì ni Ìyàwó. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ délẹ̀, ọkọ ò gbọdọ̀ mọ ẹni tó sè é.

Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù nítorí oyún. Ó ní, "Ó dáa, Màmá. Àmọ́ Ìyálé àti Ìyàwó gbọ́dọ̀ máa bára wọn sọ̀rọ̀." Okùn títóbi méjì láàárín wọn, ìyẹn ni wọ́n fi ń bára wọn pín iṣẹ́ ilé. Okùn tín-ín-rín kan wà tí kò gbé nǹkan kan ju ìbéèrè kan lọ: ṣé o wà láàyè? Bí àwọn títóbi bá já, tí tín-ín-rín ṣì ń dáhùn pé mo wà, Ìyàwó á ká ọwọ́ rẹ̀ gbera, á fi ilé sílẹ̀ fún Ìyálé, ilé á tòrò. Bí gbogbo rẹ̀ bá já pọ̀ ńkọ́? Kálukú á rò pé ẹnì kejì ti kú. Ìyàwó náà á sọ ara rẹ̀ di ìyálé. Àwọn méjèèjì á máa pàṣẹ nínú ilé kan, ilé á fọ́.

Ìdí nìyẹn tí tín-ín-rín ò fi gbọdọ̀ bá títóbi rin ọ̀nà kan. Títóbi á gba páìpù abẹ́ ilẹ̀ níta, lẹ́yìn ògiri. Tín-ín-rín á gba òkè àjà.

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní, "Ìwọ lo bí mi ni?"

Sátidé, ọjọ́ kẹjọ

Òjò. Búrẹ́dì tún gbówó lórí, ó sì tún kéré sí i. Mo fẹ́ mọ ibi tí ìyókù ń lọ.

Túsìdeè, ọjọ́ kọkànlá

Àwọn okùn tó wá láti yàrá aláìsàn, ẹni tó ṣe é ṣáájú wa ló tẹ́ wọn sínú ògiri, wọ́n ti dí i, wọ́n ti kùn ún lọ́dà. Ó kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Ẹnjiníà gba nọ́ńbà gbọ́. Èmi ò gba nọ́ńbà tí mi ò kọ gbọ́. Òwú pupa ni mo ń so mọ́ ti Ìyálé, òwú aró mọ́ ti Ìyàwó, mi ò sì so ó àyàfi tí mo bá ti fi ẹ̀rọ ìdánwò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

Lónìí ni mo dé yàrá àwọn ọmọ tí a bí láìpé oṣù. Okùn méjì wà níbẹ̀, nọ́ńbà méjì wà lára wọn, ó mọ́ lójú. Mo dán ìkíní wò, ó lọ sọ́dọ̀ Ìyàwó. Mo dán ìkejì wò, ọ̀dọ̀ Ìyàwó náà ló lọ! Nínú gbogbo yàrá tó wà nílé yìí, àfi yàrá yẹn. Bí Ìyàwó bá kú, yàrá yẹn á ṣókùnkùn, ìwé á sì máa sọ pé ó ti dáa.

Mo pe Ẹnjiníà. Ó wo nọ́ńbà, ó wo òwú, ó gbọ́ ẹ̀rọ tó ń ké. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Mo ní, "Mo béèrè lọ́wọ́ okùn. Ìwọ, ìwé lo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀."

Yàrá ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní okùn kan tó lọ sọ́dọ̀ Ìyálé, tí ẹnikẹ́ni ò lò. Mo ní kí Kápẹ́ńtà tó ń kan àjà bá mi lu ògiri. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan, ẹnu rẹ̀ ju òòlù rẹ̀ lọ. Ó ní, "Màmá Oníwáyà, ẹ má jẹ́ kí ilé wó lé wa lórí o." Mo ní àjà tó kàn yẹn ló máa kọ́kọ́ wó. Kí oòrùn tó wọ̀, okùn ti gba ibẹ̀ kọjá, mo ti so òwú pupa mọ́ ọn.

Mo jẹ ẹyin méjì lálẹ́. Ó tọ́ sí mi.

Fúráìdeè, ọjọ́ kẹrìnlá

A ti fa okùn títóbi méjèèjì gba páìpù abẹ́ ilẹ̀. Lébírà mẹ́ta ń fà lápá kan, èmi ń fọṣẹ pa á lára lápá kejì, mò ń bọ́ ọ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló há. Mo ní kí wọ́n má fi agbára fà á, kí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó gbọ́. Páìpù náà ṣì láyè nínú. Mo fi okùn ìfà sílẹ̀ síbẹ̀, èyí tí a lè fi fa wáyà mìíràn kọjá lọ́jọ́ iwájú, bí bàbá ọmọ mi ṣe máa ń ṣe.

Ó ku tín-ín-rín.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo gbé àkàbà sí abẹ́ ihò àjà. Mo gbé wáyà kọ́ èjìká. Ìgbésẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Ní ìkarùn-ún, orúnkún ọ̀tún ní rárá.

Kò dùn mí. Ì bá dùn mí ni, mo mọ bí a ṣe ń bá ìrora lò. Ó kàn jọ̀wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti tú. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú. Mi ò gòkè, mi ò sọ̀ kalẹ̀.

Kápẹ́ńtà dúró nísàlẹ̀. "Màmá Oníwáyà, ṣé òkè lẹ ń lọ ni àbí ilẹ̀? Kí n lè mọ ibi tí mo máa yà sí."

"Mò ń wo iṣẹ́ rẹ. Pákó yìí wọ́."

"Ẹ jẹ́ n bá yín gùn ún. Iṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

"Nígbà tí ìyá rẹ ń pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, orí òpó ni mo wà."

"Òótọ́ ni, Màmá. Ìyá mi náà ò gun nǹkan kan mọ́ báyìí. Bẹ́ẹ̀dì gan-an, à ń gbé e gùn ún ni."

Gbogbo àwọn lébírà bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní mo gbàgbé ẹ̀mú mi. Ẹ̀mú wà lápò mi. Mo rìn jáde, mi ò padà.

Túsìdeè, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo tún gbìyànjú ẹ̀. Ìgbésẹ̀ kẹta ni lónìí, kò tilẹ̀ dé ìkarùn-ún ti àná.

Mo jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo jáde lọ sẹ́yìn ògiri. Okùn ìfà wà nínú páìpù abẹ́ ilẹ̀. Mo so tín-ín-rín mọ́ ọn, mo fọṣẹ pa á, ó wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni mu omi. Ní ìpẹ̀kun méjèèjì, mo gbé e gba ẹ̀yìn àpótí, mo yí i gòkè, mo sì mú un sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá, kí ẹni tó bá wò ó lè rò pé inú àjà ló ti ń bọ̀. Mo dè é, ó gún régé. Iṣẹ́ ọwọ́ mi kì í burú.

Ọmọ mi pè. "Màmá, òkè àjà ńkọ́?"

"Ó ti parí."

"Ẹ̀yin lẹ gùn ún fúnra yín?"

"Ta ni ì bá tún gùn ún?"

"Ìyá mi! Wọn ò tó yín í ṣe!" Mo gbọ́ tó ń fi mí yangàn fún ọkọ rẹ̀: ṣó o gbọ́, màmá mi gun òkè àjà, ní ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ọkọ rẹ̀ ní kó bá òun kí mi. Mo ní mo gbọ́.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọmọ mi tan gbogbo rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Iná aláwọ̀ ewé tàn ní ihò kan, ó tàn ní ìkejì, ó sáré lọ títí dé òpin. Ní ìpẹ̀kun kejì, bákan náà. Ẹnjiníà pàtẹ́wọ́. Èmi ń wo ihò okùn tín-ín-rín. Iná tirẹ̀ náà ń tàn, ó ń ṣẹ́jú sí mi.

Fúráìdeè, ọjọ́ kọkànlélógún

Mi ò lè jókòó. Mo fọ aṣọ tó mọ́. Mo tún ilẹ̀ gbá lẹ́yìn tí mo ti gbá a. Ọmọ mi ní kí n wá jókòó ti òun, mo débẹ̀, mo dìde, mo lọ wo fèrèsé, mo padà. Ó ní, "Màmá, kí ló ń lé yín?" Mo ní ooru ni. Òjò ń rọ̀ níta.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìdánwò. Wọ́n ti kó àwọn ọmọ tí a bí láìpé oṣù wọ yàrá wọn láti ọjọ́ Sátidé, torí náà gbogbo nọ́ọ̀sì ló wà ní ìdúró. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ yọ iná Ìyálé. Kò sí ẹ̀rọ kan tó ṣẹ́jú. Ó tàn án padà, ó dúró títí ó fi jí dáadáa, ó yọ iná Ìyàwó. Kò sí nǹkan kan. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun á fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ Fúráìdeè, pé òun ò rí irú iṣẹ́ báyìí rí.

Ó yẹ kí n padà sílé nígbà yẹn. Mo ṣì ń kó irinṣẹ́ mi nígbà tó ní, "Ó tilẹ̀ bọ́ sí àkókò. Mọ́ńdè tó ń bọ̀, àwọn oníṣẹ́ omi ń bọ̀ wá gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ògiri."

"Ẹ̀yìn ògiri wo?"

"Èyí tó wà níta yìí."

"Páìpù wa wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo ti ní kí wọ́n ṣọ́ra. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣá a pàápàá, ṣebí ọmọ yín ti gbé tín-ín-rín gba òkè? Ó wà nínú àwòrán tó fi ránṣẹ́. Ó fọwọ́ sí i."

Ọkọ́ ò lójú. Ẹni tó bá sọ fún ọkọ́ pé kó ṣọ́ra, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Túsìdeè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ìpara orúnkún ti fi ìlọ́po méjì wọ́n ju ti oṣù tó kọjá lọ. Mo rà á. Kò ṣe nǹkan kan.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo lọ sí ọsibítù láìsí iṣẹ́. Mo ní mo wá wo àpótí kékeré tí okùn wa ti jáde lára ògiri yàrá àwọn ọmọ. Sístà tó ń ṣọ́ wọn ní kí n fọ ọwọ́ kí n wọlé.

Ọmọ mẹ́fà, kálukú nínú àpótí onígíláàsì tirẹ̀. Èyí tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà kò ju ọwọ́ mi méjèèjì lọ. Lórí tábìlì Sístà, ẹ̀rọ kan wà tí ìlà mẹ́fà ń fò sókè sódò lójú rẹ̀, ọkàn ọmọ kọ̀ọ̀kan nìyẹn, okùn wa ló ń gbé e wá. Ó ní nọ́ọ̀sì méjì péré ni wọ́n, àwọn ò lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ yẹn ni ojú àwọn.

Mo nawọ́ sí ti ẹnu ọ̀nà. "Oṣù mélòó nìyí?"

Ó ní, "Méje, Màmá. Ìyá rẹ̀ lẹ́jẹ̀ ríru."

Mi ò wo àpótí ara ògiri mọ́. Mo jáde.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo sọ fún ọmọ mi láàárọ̀. Mo dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bí ọmọ ilé ìwé. Mo ní tín-ín-rín kò gba òkè àjà. Mo ní abẹ́ ilẹ̀ ló wà, pẹ̀lú àwọn títóbi, nínú páìpù kan náà.

Kò pariwo. Ì bá pariwo ni. Ó gbé kọ̀ǹpútà kúrò lórí itan rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo fi orúkọ mi sí i, Màmá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi."

"Kí n sọ pé kí ni?"

"Pé ẹ ò lè gùn ún."

"Mi ò lè sọ ọ́."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán báyìí."

Mo jókòó. Ó yí ojú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ó ní òun ò ní pe Ẹnjiníà, èmi ni mo máa lọ bá a lójúkojú, nítorí èmi ni mo gbé e sínú páìpù. Ọmọ tí mo bí nìyẹn. Inú mi dùn, inú mi bàjẹ́, mi ò mọ èyí tó ṣáájú.

Ẹnjiníà gbọ́ ọ tán. Ó lọ wo ibi tí mo ti yí okùn gòkè lẹ́yìn àpótí. Ó fi ìka tọ ọ́ dé ìsàlẹ̀.

"Ó dáa gan-an, Màmá. Ǹ bá má mọ̀ láéláé. Lọ́la ni mo fẹ́ fọwọ́ sí i."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi wá sọ ọ́?"

"Ọmọ mẹ́fà ló wà ní yàrá yẹn."

Ó ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Mọ́ńdè ni àwọn agbẹ́lẹ̀ ń bọ̀. Aago mẹ́sàn-án, a ó fa àwọn okùn títóbi yọ lójú òun, bí ẹni pé ọkọ́ ti gé wọn. Bí ẹ̀rọ kan bá ṣẹ́jú ní yàrá kankan, òun á pe ẹni kejì tó ń dúró, ọmọ mi ò sì ní bá ọsibítù yìí ṣiṣẹ́ mọ́. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu mi korò.

Fúráìdeè, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo bá Kápẹ́ńtà níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì lórí pákó.

"Kápẹ́ńtà."

"Màmá Oníwáyà."

"O ní iṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ tí mo wà lórí àkàbà."

"Ẹ ṣáà ti gùn ún tán. Gbogbo èèyàn ló gbọ́."

"Mi ò gùn ún. Orúnkún mi ò gbà."

Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rí i pé kò pa mí. Orúnkún mi ò gbà. Mo dúró kó rẹ́rìn-ín. Mo ti múra èsì sílẹ̀ fún un, èsì tó máa gbé e ṣubú. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lọ́wọ́, ó dìde, ó ní, "Ibo ni wáyà fẹ́ gbà? Ẹ fi hàn mí."

Ó wọ inú àjà lọ, èmi ń tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, mo ń fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà kó lè mọ ibi tí mo wà. Mo ní kó má ká a, kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó má jẹ́ kó sún mọ́ wáyà iná.

Ó kígbe lókè, "Màmá, eku ń bẹ níbí o! Ó tóbi!"

"Kí i, kó o máa lọ!"

"Ó ń wò mí!"

"Kò rí irú ẹ rí ni!"

Àwọn lébírà ń rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Wákàtí méjì ààbọ̀ ló fi ṣe é. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó funfun látòkè délẹ̀ bí ẹni tó sùn sínú àpò ìyẹ̀fun. Mo ní, "Iṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ yìí, aago wo lo fi kà á?"

Ó ní, "Màmá, ẹ̀yìn mi ò gbà."

Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo kan orí tín-ín-rín tuntun ní ìpẹ̀kun méjèèjì fúnra mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gé ti Ìyàwó tí mo tún un kàn, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fa tín-ín-rín àtijọ́ yọ kúrò nínú páìpù, mo ká a, mo gbé e fún Ẹnjiníà, kó lè rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọmọ mi ní, "Ó ń dáhùn, Màmá." Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn láti Tọ́sìdeè tí kì í ṣe ẹ káàárọ̀.

Sọ́ńdè, ọgbọ̀njọ́

Òjò láti òwúrọ̀. Mo ń rìn nínú ilé. Ó ní kí n jókòó. Mo jókòó. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ikùn rẹ̀. Ọmọ náà ò dúró lójú kan rárá, ó ń yí síbí, ó ń yí sọ́hùn-ún.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Aago mẹ́sàn-án. Ẹnjiníà dúró lọ́dọ̀ Ìyálé. Èmi wà lọ́dọ̀ Ìyàwó, fóònù wà ní etí mi, ọmọ mi wà nínú fóònù. Ẹnjiníà ló ní kó jẹ́ pé èmi ni màá fà á.

Mo fa ìkíní. Kò sí nǹkan kan, ìkejì ṣì wà. Mo di ìkejì mú. Mo fà á.

Ìyàwó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Lẹ́yìn náà iná ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, gbogbo òwú aró mi pátá. Mo ní, "Mo ti pa á! Mo ti pa á!" Mo fẹ́ tì í padà.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ohùn ọmọ mi le bí ti bàbá rẹ̀. "Ó ti béèrè, Ìyálé ti dáhùn. Ó ká ọwọ́ gbera ni. Ohun tó yẹ kó ṣe ló ń ṣe. Ẹ lọ wo àwọn yàrá."

Mi ò wo yàrá mìíràn. Mo rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ó gùn ju bó ṣe gùn tẹ́lẹ̀ lọ, mo ń fi ọwọ́ di ògiri mú, mi ò sì bìkítà ẹni tó ń wò mí. Níta, mo gbọ́ ohùn àwọn agbẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń sọ irinṣẹ́ kalẹ̀.

Sístà jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú ife tíì, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀rọ. Mo ka ìlà. Mẹ́fà. Gbogbo wọn ń fò sókè sódò.

Ó ní, "Màmá, ìgbà wo lẹ fẹ́ fa nǹkan yìí gan-an? Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ gbójú kúrò níbí, tíì mi ti tutù."

Mo ní, "Mo ti fà á."

"Nígbà wo?"

"Ó ti tó iṣẹ́jú mẹ́jọ."

Ó wò mí, ó wo ẹ̀rọ, ó fi ìka kan án lójú bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Kò mà sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ṣe é."